Onígbàjámọ̀ Lọ Yẹ Kíláàsì Wò

Lọ́jọ́ tí rédíò kéde pé ilé ìwé máa ṣí, pé kí òbí kálukú fúnra rẹ̀ pinnu bóyá ọmọ òun á lọ tàbí kò ní lọ, onígbàjámọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ kò tilẹ̀ dúró kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ parí gbólóhùn rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Ìjà náà kì í ṣe èyí tí èèyàn lè là. Láàárọ̀, ọkọ á ní kí ọmọ lọ, ìyàwó á ní kó má lọ. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, ìyàwó á ti ro ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ títí, á rí i pé òótọ́ ni. Ọkọ náà á ti ro ti ìyàwó, òun náà á rí i pé òótọ́ ni. Wọ́n á wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn bí ẹni pààrọ̀ bàtà, ìjà á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

"Àbí ẹ fẹ́ kí ọmọ yìí gbàgbé ìwé ni?" ni ìyàwó á wí lọ́sàn-án.

"Ẹni tó bá wà láàyè ló ń gbàgbé ìwé," ni ọkọ á fèsì.

"Ta ló ní kó máa lọ láàárọ̀ yìí?"

"Èmi ti àárọ̀ nìyẹn."

Ọmọ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ jẹ́ ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ. Lọ́yà ni gbogbo ilé àti ilé ìwé ń pè é, nítorí láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni kì í ti í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni kọjá láì béèrè ẹ̀rí. Orí àpò aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì ìyá rẹ̀ ló máa ń jókòó sí tí ìjà bá ń lọ, á máa wo ẹni yìí, á máa wo ẹni yẹn. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló fẹ́.

Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé. Aránṣọ ni ìyá. Láti ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ti dé, ìbòmú ló ń rán fún ilé ìwòsàn, maṣíìnì rẹ̀ kì í sì í sinmi. Okùn rọ́bà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wà nínú bàtà, wọ́n tilẹ̀ ti rí ọ̀kan nínú iyọ̀. Bàbá ní tirẹ̀ kò ríṣẹ́ ṣe. Ìjọba ti ní kí èèyàn máa fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà jìnnà síra, kò sì sẹ́ni tó lè ti ẹsẹ̀ mẹ́fà gẹrun ẹlòmíràn. Kì í ṣe pé kò gbìyànjú. Ó so kílípà mọ́ orí igi gígùn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi gẹrun fún àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó jókòó nínú yàrá. Àbúrò ìyàwó náà kò tíì bọ́ fìlà láti ọjọ́ yẹn.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ilé ìwé wọlé, tí ìjà ti yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún títí tí kò sẹ́ni tó rántí ibi tí òun wà mọ́, onígbàjámọ̀ na ọwọ́ sókè.

"Ìyá Lọ́yà, gbọ́. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ odò tí a ò mọ bó ṣe jìn sí. Èmi ni máa kọ́kọ́ lọ. Màá jókòó lórí àga ọmọ yìí ní ọjọ́ kan ṣoṣo, màá mí atẹ́gùn ibẹ̀, màá wo fèrèsé, màá wo omi ìfọwọ́. Bí nǹkan kan ò bá ṣe mí, kó máa lọ."

"Bí odò bá gbé ẹsẹ̀ kan yẹn lọ ńkọ́?"

"Wàá ṣì ní ẹsẹ̀ kan yòókù."

Ìyàwó wò ó. Ó wo yàrá náà, ó wo bí ọkọ rẹ̀ ti ń káàkiri inú rẹ̀ láti oṣù mélòó kan bí eku tó wọ agolo. "Ẹ lọ," ló wí. "Ẹ tètè sùn."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, onígbàjámọ̀ gbé báàgì ọmọ rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó ní òun fẹ́ mọ bó ṣe wúwo sí. Okùn báàgì náà há a lápá débi pé kò lè ju ọwọ́ bó ti rìn. Báyìí ló ṣe gúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì, níbi tí Tíṣà dúró sí. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Tíṣà. Ó wọ ìbòmú, ó tún fi ike funfun bo ojú lórí ìbòmú, ohùn rẹ̀ wá ń jáde bí ohùn ẹni tó ki orí bọ ìkòkò. Ó na nǹkan kan bí ìbọn sí iwájú orí onígbàjámọ̀ láti wọn bí ara rẹ̀ ṣe gbóná sí.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ara yín dá. Ẹ wọlé, sà."

Onígbàjámọ̀ wọlé, ó sì dúró sójú kan. Ó ti rò pé òun nìkan lòun dá ọgbọ́n yìí, àṣé gbogbo ilé ló ti dá a. Àga kéékèèké kún kíláàsì, wọ́n jìnnà síra, àgbàlagbà ló sì jókòó lórí gbogbo wọn, tí orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan wà níbẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n ń pè ní Tírélà. Àga tirẹ̀ kò tilẹ̀ hàn sóde mọ́, bí ẹni tó lóṣòó ló rí. Kò sí ọmọ kan ṣoṣo. Onígbàjámọ̀ wá àga tí wọ́n lẹ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́, ó rọra gbé ara lé e.

Tíṣà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí ìwé orúkọ. Ohùn rẹ̀ yí padà.

"Lọ́yà!"

Àwọn òbí ń wo ara wọn.

"Lọ́yà! Ṣé o ti di etí ni?"

Onígbàjámọ̀ wẹ̀yìn wò. "Ṣé èmi lẹ ń bá wí, mà?"

"Àga ta lo jókòó lé?"

"Ti ọmọ mi."

"Òfin tó ti òkè wá ni pé àlejò kankan kò gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì nítorí àrùn yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Tó o bá jẹ́ àlejò, ilẹ̀kùn nìyẹn. Tó o bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, dìde kí o dáhùn."

Obìnrin yìí kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Onígbàjámọ̀ ti lé ní ogójì. Ẹni tó kí i ní "ẹ káàárọ̀, sà" níta ló ń fi "ìwọ" bá a wí nínú ilé. Ó yíjú sí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ó rántí ìdí tí òun fi wá, ó rántí fèrèsé tí òun kò tíì wò. Ó dìde, àga náà bá a dìde.

"Mo wà níbí, mà."

"Ó dáa. Yọ àga yẹn nídìí, kí o jókòó."

Bí Tíṣà ṣe pe gbogbo wọn nìyẹn, wọ́n sì dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ka ìwé. Wọ́n ṣe ìṣirò. Onígbàjámọ̀ fa ìbòmú wálẹ̀ díẹ̀ kí imú rẹ̀ lè rí atẹ́gùn, Tíṣà ní kó lọ dojú kọ ògiri. Ó lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ọ̀dà ògiri, ó sì ń gbọ́ tí Tírélà ń fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà eré, wọ́n ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ara wọn, nítorí náà eré kí á máa tẹ òjìji ara wa mọ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe. Òjìji Tírélà tóbi jù. Òun ni gbogbo èèyàn ń tẹ̀. Ó bínú, ó lọ dá dúró sábẹ́ òrùlé tí òjìji rẹ̀ kò ti lè yọjú, wọ́n pè é títí, kò jáde. Nọ́ọ̀sì tí kò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí àrùn ti dé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà wọ́n ya àwòrán. Onígbàjámọ̀ ya ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: dígí gbọọrọ, àga tó ń yí, èèyàn mẹ́ta tó ń dúró de ọwọ́ rẹ̀. Tíṣà dúró ní ọ̀ọ́kán, ó wò ó pẹ́. Ó fi ẹnu rúlà na ìràwọ̀ bébà kan sí i.

"Ó dára púpọ̀," ni Tíṣà wí.

Nígbà tó délé, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Báwo lẹ ṣe bá a?" ni ìyàwó béèrè.

"Mo gba ìràwọ̀."

"Fèrèsé ńkọ́?"

Onígbàjámọ̀ ronú. "Mi ò rántí wò ó."

"Omi ìfọwọ́ ńkọ́?"

"Ìyá Lọ́yà, a ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Wọn ò fún wa láyè." Ó tú báàgì. "Lọ́yà, jọ̀ọ́ wá wo ìṣirò yìí fún mi. Ọ̀la la máa fi lélẹ̀."

Bó ṣe di pé ó tún gbọ́dọ̀ padà lọ nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì, ó wo fèrèsé, ó gbàgbé omi. Ní ọjọ́ kẹta, ó rántí omi, ṣùgbọ́n ó ní òun kò tíì mọ bí atẹ́gùn ṣe ń rí tí òjò bá rọ̀, òjò kò sì rọ̀. Láràárọ̀ ó ń fi òróró nu bàtà. Ó ń kọrin tó bá ń wẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, Lọ́yà á fi ẹ̀yìn ṣíbí kan tábìlì, á máa bi í ní ìṣirò, bàbá á máa dáhùn, tó bá ṣì í, Lọ́yà á ní, "Ẹ fara balẹ̀, Bàbá mi. Ẹ ń kánjú."

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, Lọ́yà dúró níwájú rẹ̀. "Bàbá mi, ṣé ó ti kàn mí?"

Onígbàjámọ̀ mi orí bí dókítà. "Kò tíì yá. Atẹ́gùn tó ń gba fèrèsé ọwọ́ òsì wọlé yẹn kò tíì dá mi lójú."

"Bàbá mi, kíláàsì wa ò ní fèrèsé lọ́wọ́ òsì. Pátákó ìkọ̀wé ló wà níbẹ̀."

Bàbá sáré kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì.

Lọ́jọ́ kejì, Lọ́yà àti ìyá rẹ̀ pe ìpàdé. Wọ́n ní kí onígbàjámọ̀ jókòó sórí àpò aṣọ. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni bóyá kí wọ́n jẹ́ kó padà sí ilé ìwé lọ́jọ́ Ajé.

"Mo rò pé kí wọ́n dúró sílé," ni Lọ́yà wí. "Àrùn ṣì wà níta."

"Ṣùgbọ́n ṣé o rí bí wọ́n ṣe ń jẹun?" ni ìyá rẹ̀ fèsì. "Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orin lẹ́nu wọn báyìí."

"Ẹni tó bá wà láàyè ló ń kọrin, Ìyá mi."

Ìyá ro ọ̀rọ̀ yìí títí, ó rí i pé òótọ́ ni. Lọ́yà ro ti ìyá rẹ̀, òun náà rí i pé òótọ́ ni. Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, ìyá ló ń sọ pé kó má lọ, Lọ́yà ló ń sọ pé kó máa lọ.

Onígbàjámọ̀ na ọwọ́ sókè láti orí àpò. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè sọ̀rọ̀?"

"Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá mi," ni Lọ́yà wí. "Ọ̀rọ̀ àgbà là ń sọ."

Àmọ́ ó sọ ọ́. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, kò sẹ́ni tó pè mí fún nǹkan kan. Ẹ̀yin méjèèjì ń gbìyànjú, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ yẹn, láràárọ̀, wọ́n á pe orúkọ, màá dìde, màá ní mo wà níbí. Bí mi ò bá lọ, wọ́n á mọ̀ pé mi ò sí níbẹ̀."

Ìyàwó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì. "Bàbá Lọ́yà," ló rọra wí, "orúkọ ọmọ yín ni wọ́n ń pè."

Onígbàjámọ̀ fa okùn rọ́bà kan jáde lára àpò tó jókòó lé, ó ń nà án, ó ń dẹ̀ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ti yọ́ jáde kó tó di pé ẹnikẹ́ni jí. Ìyá àti ọmọ wá a lọ, wọ́n bá a ní kíláàsì, lórí àga, tó káwọ́ lérí tábìlì bí ọmọ rere. Tíṣà dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni Lọ́yà wí. "Àga mi ni bàbá mi jókòó lé."

"Mo ti pe Lọ́yà lónìí, ó ti dáhùn," ni Tíṣà fèsì. "Mi ò lè ní Lọ́yà méjì. Àga kan ṣoṣo ni, ẹsẹ̀ mẹ́fà ló sì gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn."

"Mà, ṣé ẹ ò fẹ́ wa mọ́ ni?"

Èémí Tíṣà ti sọ ike ojú rẹ̀ di kùrukùru. Ó gbé e sókè, wọ́n sì rí ojú rẹ̀. Ó dàbí ojú ẹni tí kì í sùn dáadáa.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí," ló wí. "Bí àgbà bá ṣàìsàn níbí, òun ló gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ọmọdé, kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá yín? Gbogbo oṣù tí a fi wà nílé, ojú fóònù ni mo ń kọ́, mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ògiri wí. Nígbà tí mo rí èèyàn lórí àga, mi ò bìkítà bó ṣe tóbi tó."

"Màá bo imú mi," ni Lọ́yà wí.

"Nígbà gbogbo?"

"Ju ti bàbá mi lọ."

Tíṣà wo bàbá. Imú rẹ̀ wà níta. Ó sáré fa ìbòmú sókè.

"Ẹ dán wa wò, mà," ni Lọ́yà tún wí. "Ẹ bi àwa méjèèjì ní ìbéèrè kan, kí ẹ fi mọ ẹni tó ni àga."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Tíṣà létí. Ó padà síwájú pátákó. "Ó dáa. Méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mélòó?"

Kí Lọ́yà tó la ẹnu, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ti wà lókè. Ó ń mì ín bí àsíá. "Èmi, mà! Èmi, mà! Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta!"

Ìyá rẹ̀ pòṣé láti ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Lọ́yà! Ọmọ yín lẹ ń bá du àga!"

Ṣùgbọ́n Lọ́yà ń rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo kọ́ wọn," ló sọ fún gbogbo kíláàsì.

"O gbà á," ni Tíṣà wí fún onígbàjámọ̀. "O ti yege. Ẹni tó bá sì ti yege ti kúrò ní kíláàsì yìí nìyẹn. Dìde, kí o gbé báàgì ẹ."

Onígbàjámọ̀ dìde. Àtẹ́wọ́ dún láti gbogbo igun, lẹ́yọ lẹ́yọ nítorí bí wọ́n ti jìnnà síra. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò yé e lójú ẹsẹ̀ pé òun ti pàdánù nǹkan. Lọ́yà fi ọṣẹ olómi nu àga náà, ó jókòó. Bàbá rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ju ọwọ́ kan sí ìyàwó rẹ̀, ó kọjá lára rẹ̀, ó sì kọrí sí kíláàsì tó tẹ̀ lé e.

Ìyàwó rẹ̀ nawọ́ mú báàgì lẹ́yìn rẹ̀. "Níbo lẹ ń lọ?"

"Wọ́n ní mo ti yege."

"Ilé la ń lọ."

Tíṣà bi Tírélà náà ní ìbéèrè kan náà. Tírélà, tó lè sọ iye epo tí ọkọ̀ máa jó láti ìpẹ̀kun ayé kan dé èkejì láì mú bírò, wo òrùlé títí, ó ní mẹ́rin. Tíṣà ní kó jókòó. Ó jókòó, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sínú ìbòmú rẹ̀.

Nílé, onígbàjámọ̀ jókòó lórí àpò aṣọ, ó fajú ro. Ìyàwó rẹ̀ rán ìbòmú bí mẹ́wàá láì bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó na sísọ́ọ̀sì sí i. "Ẹ bá mi gé okùn yìí. Kó dọ́gba."

Ọwọ́ tó ti ń gẹrun láti ọdún gbọọrọ kì í gé nǹkan ségesège. Ó gé ti àkọ́kọ́, ìyàwó rẹ̀ gbé e wò, ó wọ̀n ọ́n mọ́ èkejì. "Ó dọ́gba," ló wí, ó sì tún na òmíràn sí i.

Nígbà tí Lọ́yà dé lọ́sàn-án, wọ́n sáré pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fọ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń mí. Ó ní ilé ìwé dára. Ó ní ọmọ mẹ́ta mìíràn ti wá lé àwọn òbí wọn dìde, pé Tírélà nìkan ló ṣòro, ọmọ rẹ̀ ti jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Fèrèsé ṣí?" ni bàbá béèrè.

"Gbogbo rẹ̀."

"Ẹnikẹ́ni húkọ́?"

"Tíṣà húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì ni."

Bàbá àti ìyá wo ara wọn. Wọ́n gbé ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì yìí yẹ̀wò títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n sùn lé e lórí, wọ́n jí, wọ́n tún gbé e. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ló ní kí ọmọ má lọ. Nígbà tí wọ́n mu tíì tán, bàbá ló ní kó má lọ.

"Ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì kọ́ ni wọ́n sọ pé ó ń pa èèyàn!"

"Ta ló rí i pé ṣọ́ọ̀kì ni?" ni bàbá fèsì.

"Ẹ jẹ́ ká bi ọmọ tó wà níbẹ̀," ni ìyá wí níkẹyìn. Wọ́n yíjú sí orí àpò aṣọ. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Bàtà rẹ̀ kò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Wọ́n jọ sáré jáde. Lọ́yà ti wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà, báàgì wà lẹ́yìn rẹ̀, ìbòmú bò ó nímú débi ojú, ó ń rìn bí ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè. Ìyá ní kí bàbá pè é padà. Bàbá ní kí ìyá pè é. Wọ́n dúró síbẹ̀, kálukú ń dúró de ohùn ẹnì kejì, títí ọmọ náà fi yà ní kọ́nà.